Ẹ̀sìtéètì Tí Kò Ní Ìbéèrè

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Kọ́bapẹ́ jáde ní Abẹ́òkúta, tí ẹ sì wo apá òsì yín dáadáa, ẹ ó rí kìnnìún kan tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, tó lanu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín fún. Ẹ má sá. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí, àfi ẹni tó ni ín. Bí ó ṣe bù ú jẹ ni mo fẹ́ sọ, ẹ̀rín ni mo sì máa fi sọ ọ́, nítorí bí mo bá fi ìbínú sọ ọ́, màá ṣẹ́ èpè.

Lọ́dún 1982, ìgbà ìjọba alágbádá, ilé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà ní Ẹ̀sìtéètì Ìrẹ̀pọ̀. Tísà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, oníṣòwò àti akọ̀wé ìjọba náà wà níbẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ onílé sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fikùn lukùn lórí ọ̀rọ̀ omi, ààtàn àti ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, orí bẹ́ǹṣì ni gbogbo wọn jókòó sí. Olóyè Túbọ̀sún nìkan ló gbé àga onítìmùtìmù wá láti ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò ṣe alága, gbogbo ojú yí sí ibi tí àga wà. Bí wọ́n ṣe yàn án nìyẹn o. Ẹ má rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Olóyè Túbọ̀sún fi lu òǹtẹ̀ sórí ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba kan kó tó fẹ̀yìntì. Kò ka ọ̀kankan nínú àwọn ìwé náà. Ohun tí iṣẹ́ yẹn kọ́ ọ ni pé, bí èèyàn bá ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́, kò nílò kó mọ nǹkan kan. Kò tíì pé oṣù kan lórí oyè tó fi gbé òfin jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara igi máńgòrò tí wọ́n ń ṣèpàdé lábẹ́ rẹ̀.

Òfin kìíní: onílé nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀. Òfin kejì: inú ìwé ni ìbéèrè gbọ́dọ̀ wà, ẹ̀dà mẹ́ta, kí wọ́n sì jù ú sínú Àpótí Ìbéèrè. Òfin kẹta: Alága yóò ṣí àpótí náà nígbà tó bá yẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ, kó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kó jù ú sínú àpótí.

Òfin kẹrin ni baba wọn. Ẹ fetí sí i dáadáa, nítorí òun ni yóò pa ẹni tó ṣe é. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí Alága. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó ń kí Alága lẹ́nu. Alága yóò dáhùn ìkíni kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé yóò sì kọ ìkíni àti ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé, kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè mọ bí a ti bọ̀wọ̀ fún Alága tó.

Ọ̀gbẹ́ni Dìran ni akọ̀wé. Ó ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí ẹnu bá sọ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ. Kì í fi iyọ̀ sí i, kì í sì yọ ẹran kúrò níbẹ̀.

Kò sí ohun tí àwa èèyàn yìí kì í fi kíni. Ẹni tó jókòó, a ó kí i; ẹni tó dìde, a ó kí i; ẹni tí òjò pa, ẹni tí oòrùn pa, a ní ìkíni tiwọn. Nígbà tí àwọn onílé wá rí i pé ìkíni ni ọ̀nà sí ọkàn Alága, wọ́n tú ẹnu sílẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà." "Òo, a dúpẹ́." "Ẹ kú ìrònú, sà." "Òo, a dúpẹ́." "Ẹ kú àìsùn." "Òo, a dúpẹ́." Ọkùnrin kan tó ń wá ààyè tí yóò so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́ kí i kú fìlà, ó kí i kú bàtà, ó tún kí i kú ìbọ̀sẹ̀. Alága yóò di ojú, yóò máa mi ẹsẹ̀ ọ̀tún, yóò máa dáhùn. Ní ìpàdé oṣù kẹwàá, ìkíni nìkan gba wákàtí méjì. Ìrun ìrọ̀lẹ́ dé, wọ́n tú ká láìsọ ohunkóhun. Alága ní irú ìpàdé tó dára bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni ìjọba gbẹ́ fún gbogbo ẹ̀sìtéètì, pẹ̀lú pọ́ǹpù rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀, Alága lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ olówó kan láàárín ìlú, ó rí kìnnìún méjì níwájú ilé rẹ̀. Kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin èèyàn mi!" ló wí. Ó ti wọ agbádá mẹ́ta léra nínú ooru yẹn. "Àlejò tó bá wọ inú ẹ̀sìtéètì yìí, kí ló kọ́kọ́ ń rí? Garawa! Garawa lórí obìnrin, garawa lọ́wọ́ ọkùnrin! Ṣé garawa ni ògo wa? Ó tì o! Omi kì í ṣe ohun mímu lásán. Omi jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ojú kọ́kọ́ rí, kí ọ̀fun tó gbọ́ nípa rẹ̀! Mo fẹ́ fún yín ní kìnnìún!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n pàtẹ́wọ́, kí n má parọ́ fún yín. Ẹni tó bá rí ìwà òmùgọ̀ tí kò pàtẹ́wọ́ fún un rí nínú ayé rẹ̀ ni kó sọ wọ́n lókùúta.

Wọ́n mọ kìnnìún síwájú ilé Alága, wọ́n ri páìpù láti ìdí pọ́ǹpù gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀, omi sì ń ya lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru sínú gọ́tà. Alága ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé garawa dé ibẹ̀, kó má ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Wọ́n wá fi wáyà yí ẹ̀rọ omi ká, Alága fi àgádágodo tì í, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò agbádá rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wákàtí kan ló ń ṣí i láàárọ̀. Ó di ààbọ̀ wákàtí. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ tí kìnnìún bá ti mu yó.

Mọ́nsúrù, ọ̀kan nínú àwọn onílé, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Láfẹ́nwá, kò lè gbà á mọ́ra. Lọ́jọ́ ìpàdé, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí Alága lẹ́ẹ̀mejì péré, ó dìde.

"Alága, sà, omi tí pọ́ǹpù ń fà, níbo ló ń lọ?"

Alága la ojú.

"Mọ́nsúrù, ìbéèrè yẹn, ṣé o kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Rárá, sà."

"Ẹ̀dà mélòó lo kọ?"

"Mi ò kọ ọ́ rárá, sà."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, o ò béèrè nǹkan kan." Alága yíjú sí àwùjọ. "Ṣùgbọ́n nítorí ohun tí Mọ́nsúrù kò béèrè yìí, a yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń pọn omi fún oṣù mẹ́ta!"

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Mọ́nsúrù béèrè, òǹgbẹ ló sì bá pàdé lọ́nà.

Inú ọyẹ́ ọdún náà gan-an ni Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ bímọ obìnrin. Ìyá Bùsírátù, Àsíátù, ẹni àádọ́rin ọdún ó lé, kó aṣọ rẹ̀ láti Láfẹ́nwá wá láti wẹ ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wẹ ọmọ tuntun. Omi gbígbóná ńkọ́? Omi tútù ńkọ́? Omi tí a ó fi ṣan ọṣẹ dúdú ńkọ́? Wọn ó na apá, wọn ó na ẹsẹ̀, wọn ó fi adì pa á lára títí ọmọ yóò fi máa dán. Ìyá Àsíátù dé, ó ká aṣọ sókè, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọmọ lé e. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Omi dà?"

Mọ́nsúrù ń fi kẹ̀kẹ́ gbé garawa kan wá láti ìlú ní ìrọ̀lẹ́. Tí wọ́n bá ti se oúnjẹ, tí wọ́n ti fọ aṣọ ọmọ, tí wọ́n ti ṣe àlùwàlá, ó ti tán. Nígbà tó fi di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, omi inú ife kan ni Ìyá fi nu ọmọ lójú níwájú àwọn àfáà. Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ara ọmọ sú láti ọrùn dé ìtàn. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní bí wọn kò bá máa wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, èyí tó sú yẹn yóò di egbò, ọmọ tó kéré báyìí kò sì lágbára egbò.

Ìyá Àsíátù dìde. "Mò ń lọ bá Alága yín."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Mọ́nsúrù wí. "Ẹ kì í ṣe onílé níbí. Ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè nǹkan kan. Bí ẹ bá béèrè, oṣù mẹ́ta á di mẹ́fà."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ béèrè? Ìkíni ńkọ́? Wọ́n fòfin de ìkíni náà ni?"

"Ẹni gbogbo ló lè kí wọn, Ìyá. Wọ́n ní a ò tiẹ̀ gbọdọ̀ dá ẹni tó bá ń kí wọn dúró."

"Ta ló ní kí ẹ má dá a dúró?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n sì ní kí akọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìyá tún jókòó. Ó rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. "Ìgbà wo ni ìpàdé yín?" Mọ́nsúrù ní ọ̀la ni.

Ìpàdé ọ̀la yìí kì í ṣe kékeré. Ìjọba fẹ́ yan alága ẹgbẹ́ onílé kan sínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ní gbogbo ìpínlẹ̀, Olóyè Túbọ̀sún sì ti kọ̀wé pé ẹ̀sìtéètì tòun nìkan ni kò ní ìbéèrè. Ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètò ìgbìmọ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Olúmidé, ń bọ̀ wá fojú rí i. Lẹ́tà ìyànsípò wà nínú báàgì rẹ̀, ìbuwọ́lùwé nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, Alága sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àbọ̀. Ó ní nígbà tí òun gba ẹ̀sìtéètì yìí, ìbéèrè pọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀fọn. Ìgbà wo ni ẹ ó kó ààtàn? Kí ló dé tí ọ̀nà kò ṣeé gbà? "Ṣùgbọ́n lónìí, àlejò wa pàtàkì, mo ti pa gbogbo ìbéèrè! Mo pa wọ́n tìyá-tọmọ! Ẹ ní kí wọ́n béèrè nǹkan kan, bí wọ́n bá lè béèrè!"

Olúmidé, èèyàn jẹ́ẹ́ kan báyìí tó wọ dígí, wo àwùjọ. "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún fìlà ṣe.

Ìyá Àsíátù dìde lẹ́yìn pátápátá. "Èmi ò ní ìbéèrè o," ló wí. "Mo kàn fẹ́ kí Alága ni."

"Ẹ jẹ́ kí Ìyá wá!" ni Alága wí. Ó tẹ ẹ̀yìn mọ́ àga. "Ọ̀gá Olúmidé, ẹ wo bí àwọn àgbà wa ti fẹ́ràn mi tó."

Ìyá tó lè bí i lọ́mọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí òfin ti wí. Àwọn èèyàn kígbe pé kó dìde, ó kọ̀. Dìran ṣí ìwé, ó ki kálàmù bọ tàdáwà.

"Ẹ kú ìjókòó o, Alága."

"Òo, a dúpẹ́."

"Ẹ kú àlejò."

"Òo, a dúpẹ́."

"Ẹ kú ọyẹ́ yìí o."

"Òo, a dúpẹ́." Ojú ti di. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ń mì.

"Ẹ kú ìtọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi tó wà nínú àpò yín."

"Òo, a dúpẹ́."

"Ẹ kú páìpù tí ẹ rì gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sẹ́nu kìnnìún."

"Òo, a dúpẹ́."

"Ẹ kú bí ẹ ṣe ń fún kìnnìún lómi tọ̀sán-tòru, tí ilé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ń gbé garawa òfo kiri."

"Òo, a dú..." Ojú là. Ẹsẹ̀ dúró. "Ìyá, ó tó. Ẹ ṣeun, ẹ dìde."

"Mi ò tíì kí yín tán, ọmọ mi."

Dìran gbé ọwọ́ sókè láìgbé ojú kúrò nínú ìwé. "Òfin kẹrin, Alága. Ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó ń kí Alága lẹ́nu. Kò yọ Alága sílẹ̀."

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Bó bá ní kí Ìyá dákẹ́, ó rú òfin ara rẹ̀ lójú ìjọba. Bí kò bá dáhùn, ó di ẹni tí àgbàlagbà kúnlẹ̀ kí, tí kò dá a lóhùn, kò sì sí ọmọ Ẹ̀gbá tí yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní béèrè irú ilé tí wọ́n ti bí i.

"Ẹ kú oṣù mẹ́ta tí ẹ fi yọ àna mi lára àwọn tó ń pọn omi, torí ó béèrè ibi tí omi ń lọ."

Alága wo Olúmidé. Ó wo Ìyá lórí ìkúnlẹ̀. "Òo," ló wí, bí ẹni tí egungun há lọ́fun.

"'A dúpẹ́' ńkọ́?" ni Dìran béèrè. Kálàmù rẹ̀ dúró lófuurufú.

"A dúpẹ́."

"Ẹ kú ọmọ ọmọ mi tí kò rí omi wẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé, tí ara rẹ̀ ti sú." Ìyá kò fi èyí ṣe eré. "Ilé yín sílé wa kò ju ojúlé mẹ́rin lọ. Ẹ ò yà kí wa kú ewu ọmọ. Èmi náà ni mo wá kí yín."

Alága lanu. Dìran dúró, dúró, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé: *Alága kò dáhùn.*

Nígbà náà ni Olúmidé ní kí akọ̀wé ka ohun tó kọ. Dìran dìde, ó fi ohùn kóòtù kà á, láìrẹ́rìn-ín, láìfajúro. "Ìyá kí Alága kú ìtọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi tó wà nínú àpò rẹ̀. Alága dáhùn pé, òo, òun dúpẹ́. Ìyá kí Alága kú páìpù tó rì lọ sẹ́nu kìnnìún. Alága dáhùn pé, òo, òun dúpẹ́." Níbi tó dé yìí, ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín níwájú. Ẹlòmíì gbà á. Kò pẹ́ tí gbogbo abẹ́ máńgòrò fi ń rẹ́rìn-ín, ti àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún kìnnìún ló sì pọ̀ jù. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi," ni Olúmidé wí.

Alága fi ọwọ́ bo àpò. "Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yóò kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀dà mẹ́ta..."

"Ó dáa. Ẹ ṣí àpótí náà kí n jù ú sí i."

Wọ́n ṣí Àpótí Ìbéèrè fúngbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mọ́kànlá. Aláǹgbá kan fò jáde. Ẹyin rẹ̀ mẹ́fà wà lórí òkìtì ìwé, wọ́n mọ́ tónítóní. Olúmidé mú ìwé tó wà lókè, ó kà á sókè: "Sí Alága. Jọ̀wọ́, kí ló dé tí kìnnìún ń fi omi ṣòfò níwájú ilé, tí èmi sì ń ra omi lọ́wọ́ onítáńkà láti fi se ọbẹ̀ Alága? Èmi ni tiyín, Harriet Túbọ̀sún." Ẹ̀dà kejì àti kẹta wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó Alága pa òfin mọ́.

Olúmidé pa báàgì tí lẹ́tà ìyànsípò wà nínú rẹ̀ dé láìbuwọ́ lù ú. Àwọn onílé dìbò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yan tísà kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Olóyè Túbọ̀sún sì gbé àga rẹ̀ lérí fúnra rẹ̀ lọ sílé, agbádá mẹ́ta ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n já àgádágodo. Ṣùgbọ́n Olúmidé ní kí wọ́n má hú páìpù kìnnìún. Ó ní títí ìjọba yóò fi ri páìpù dé gbogbo ojúlé, kí àwọn èèyàn máa pọn omi níbẹ̀ náà. Ìjọba kò tíì rì í títí dòní, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ẹ̀sìtéètì ti ń tò síwájú ilé Olóyè Túbọ̀sún ní kùtùkùtù, ibi tó ń jókòó sí mu tíì. Ta ló sì lè kọjá lára ẹni tó jókòó kó má kí i? "Ẹ kú àárọ̀, sà." "Òo." "Ẹ kú ìjókòó, sà." "Òo." "Ẹ kú tíì, sà." Ọgọ́rùn-ún èèyàn ó lé, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Tíì ń tutù, búrẹ́dì ń gbẹ. Ó sá wọ inú yàrá fún ọjọ́ méjì. Harriet ní kó jáde, ó ní àwọn kan ti ń béèrè lọ́wọ́ òun bóyá ó ti kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ti ń lọ, Ìyá Àsíátù dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, Mọ́nsúrù sì gbé garawa méjì tẹ̀ lé e. Ara ọmọ ti jọ̀lọ̀, ó ń dán. Ìyá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó la ẹnu láti kí i. Olóyè Túbọ̀sún fi ife sílẹ̀. Ó dìde lórí àga, èyí tí ẹnìkan kò rí kó ṣe rí.

"Ìyá, ẹ dúró," ló wí. "Ẹ kú ewu ọmọ o. Ewu iná kì í pa àwòdì."

Ìyá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Òo," ló wí. "A dúpẹ́."

Garawa kún. Mọ́nsúrù gbé e, wọ́n sì lọ wẹ ọmọ.